"Ẹ Rọra Yọ̀": Ohun Tí Pátákó Àwọn Ará Ṣáínà Lè Kọ́ Àwa Tí À Ń Kọ Yorùbá

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù yín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nu ilẹ̀ ilé ìtajà kan ní Ṣáínà, wọ́n wá gbé pátákó kékeré kan síbẹ̀. Èdè Ṣáínà wà lókè, Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀: "Slip carefully". Ẹ rọra yọ̀! Àfi bí ẹni pé ìṣubú yín ti di dandan, kí ẹ ṣáà ti fi sùúrù ṣe é.

Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀ tí ẹ wọ ilé oúnjẹ, mẹ́nù lè fi ẹ̀dọ̀fóró tọkọtaya lọ̀ yín: "Husband and wife lung slice". Ẹ sì lè bá adìyẹ tí kò mọ akọ, tí kò mọ abo rí pàdé: "Chicken without sexual life". Ní Beijing, kí ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2008 tó wáyé, ọgbà kan wà tí wọ́n kọ́ láti fi àṣà oríṣiríṣi ẹ̀yà ilẹ̀ Ṣáínà han àlejò. Pátákó tó júwe ọ̀nà ibẹ̀ pè é ní "Racist Park", ìyẹn ọgbà àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

"Chinglish" ni orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sọ irú èyí. Àìmọye àwòrán rẹ̀ ló ń káàkiri, èmi náà sì ti fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀dá èdè fún bí ọdún mẹ́rin, ẹ̀rín rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó di ìbéèrè. Ibo ni àṣìṣe yìí gbà wọlé? Kí ló dé tó jẹ́ irú kan náà ni a ń rí káàkiri, tí kì í ṣe pé oníkálukú ń ṣe tirẹ̀ bó ṣe wù ú?

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń kọ àwọn pátákó wọ̀nyí. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó tọ̀ wá. Bí a bá tọ ọ̀nà náà padà, a ó rí i pé ó já sí ibi kan nínú èdè tí Yorùbá náà ní irú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ló sì lè jáde sí Àgọ́-Ìwòyè, sí Ìjẹ̀bú-Igbó, títí dé èbúté Òde-Omi.

Ibi tí gbólóhùn ti gé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tó ń yọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n kọ ní èdè Ṣáínà ni 小心地滑. Ojú àmì mẹ́rin ni, wọn kì í sì í fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti òmíràn bí àwa ti ń ṣe. Méjì àkọ́kọ́, xiǎoxīn, túmọ̀ sí "ṣọ́ra". Èyí tó gbẹ̀yìn, huá, ni "yọ̀". Ẹ̀kẹta, 地, ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó ní iṣẹ́ méjì. Bí a bá kà á ní dì, "ilẹ̀" ni. Bí a bá kà á ní de, kì í tún ṣe ilẹ̀ mọ́. Ó di wúnrẹ̀n gírámà tó ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ di àpèjúwe bí a ṣe ń ṣe nǹkan.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà gé gbólóhùn náà. Àkọ́kọ́: "Ẹ ṣọ́ra, ilẹ̀ ń yọ̀." Ìkejì: "Ẹ fi ìṣọ́ra yọ̀." Ọmọ Ṣáínà tó dúró níwájú ilẹ̀ tútù kò lè ronú kan ìkejì láéláé. Ojú rẹ̀ ti rí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ohun tí pátákó fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dúró lórí ilẹ̀ tútù, kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi yọ̀. Ọ̀nà méjèèjì bá gírámà mu, ó kàn mú ọ̀kan ni.

Ẹ wá wo tiwa. Ká ní òjò ń rọ̀ ní èbúté kan ní Ogun Waterside, tí a fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. A ó kọ ọ́ pé: "Ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀." Ẹ̀yin náà ẹ wo iṣẹ́ tí "rọra" ń ṣe. Ó lè dá dúró: "Ẹ rọra o!" Ó sì lè ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn láti sọ bí a ṣe ṣe é: "Ó rọra jókòó." Bí a bá fẹ́ ṣẹ́ owó kù lórí ọ̀dà, tí a yọ ilẹ̀ kúrò, ohun tó kù lórí pátákó ni "Ẹ rọra yọ̀", gẹ́lẹ́ bí ti Ṣáínà.

Bí a kò bá tilẹ̀ yọ nǹkan kan, ó ṣì kù síbì kan. "Yọ̀" tó jẹ́ ti ilẹ̀ tútù àti "yọ̀" tó jẹ́ ti inú dídùn, lẹ́tà kan náà ni, ohùn kan náà ni. Àlejò tó gbé ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ lè kọ ọ́ sábẹ́ pátákó wa pé kí àwọn èèyàn ṣọ́ra, nítorí ilẹ̀ ń dunnú. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣì níbẹ̀. Pọ́nna ni àwọn olùkọ́ wa ń pe èyí, ọ̀rọ̀ tó la ẹnu méjì. Kò sí èdè tí kò ní in. Àìsàn àwọn ará Ṣáínà nìkan kọ́.

Gān, gàn àti oko

Èyí tó burú jù nínú àwọn pátákó náà ni ti ibi tí wọ́n ti ń ta èso gbígbẹ àti ẹran gbígbẹ. Ní àwọn ilé ìtajà kan, ọ̀rọ̀ èébú Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà F ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè ọjà, ọ̀rọ̀ tí olóòtú wa kò ní jẹ́ kí n kọ síbí. Victor Mair, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Ṣáínà ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó fara balẹ̀ ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láyé àtijọ́, àmì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń kọ gān, tó túmọ̀ sí "gbẹ": 乾. Àmì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń kọ gàn, tó túmọ̀ sí "ṣe": 幹. Ní ọdún 1956, ìjọba Ṣáínà gbé ètò kan jáde láti mú kí ìkọ̀wé rọrùn, kí àwọn èèyàn púpọ̀ sí i lè mọ̀ ọ́n kọ kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà. Nínú ètò náà, wọ́n pa àwọn méjèèjì pọ̀ sí ojú àmì kan ṣoṣo: 干. Gàn, ìyẹn "ṣe", sì tún ní ìtumọ̀ ìsọkúsọ lẹ́nu àwọn tó bá fẹ́ sọ̀sọkúsọ. Nígbà tí ẹ̀rọ atúmọ̀ pàdé 干 lórí èso, kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá èso lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó mú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì. Gān wà lókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gàn bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì já wálẹ̀. Lẹ́nu, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣì wọ́n gbọ́. Lójú ìwé, ìbejì tí kò ní àmì ìyàtọ̀ ni wọ́n. Èdè tó ń fi ohùn yà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, tí ìwé rẹ̀ kò sì fi ohùn náà hàn: ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ṣé èyí kò jọ ohun tí a mọ̀?

Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí a ń kọ báyìí: oko. Bí a bá yọ àmì orí àti àmì ìdí kúrò, ọ̀rọ̀ méje ló kó sínú lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Oko tí àgbẹ̀ ń lọ wà níbẹ̀. Òkò tí ọmọdé ń sọ sí máńgòrò wà níbẹ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ìkeje jẹ́ ẹ̀yà ara ọkùnrin, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá kọ "OKO IJEBU-IGBO" sí ẹnu gáréèjì, àwa mọ̀ pé ọkọ̀ ni, torí pé a rí bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ tí kò rí bọ́ọ̀sì lè sọ fún àlejò pé ibí ni kí ó dúró sí bó bá ń wá ọkọ tí yóò fẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i ti ṣe fún èdè wa ohun tí ètò ọdún 1956 ṣe fún gān àti gàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Ṣáínà pa ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n sì jókòó pinnu rẹ̀. Tiwa kò ní ìpinnu nínú. Ọwọ́ ló ń kánjú.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, àmì ohùn nìkan kò tó. "Ẹran ìgbẹ́" ni a ń pe ẹran tí ọdẹ pa nínú igbó, tí wọ́n ń nà sókè lẹ́bàá ọ̀nà kí ọlọ́kọ̀ lè dúró rà á. Ẹ fi gbogbo àmì sí i bó ṣe yẹ, "ìgbẹ́" ti inú igbó àti "ìgbẹ́" ti ilé ìyàgbẹ́ ṣì dọ́gba. Ẹni tó mọ oúnjẹ náà nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀ kí oníbàárà má bàa sá lọ. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Orúkọ oúnjẹ kì í ṣe àpèjúwe oúnjẹ

Ẹ̀dọ̀fóró tọkọtaya ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ní èdè Ṣáínà ni fūqī fèipiàn. Ní ìlú Chengdu, ní ìpínlẹ̀ Sichuan, ní àwọn ọdún 1930, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Guo Zhaohua àti ìyàwó rẹ̀, Zhang Tianzheng, ń ta ẹran màlúù àti nǹkan inú ẹran tí wọ́n gé ní pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì da òróró ata lé. Ó dùn débi pé àwọn èèyàn fi àwọn tó ń tà á sọ oúnjẹ náà lórúkọ. Ní ti ẹ̀dọ̀fóró, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tí orúkọ náà ń wí tẹ́lẹ̀ ni fèi tó túmọ̀ sí "ohun tí wọ́n patì", torí pé nǹkan inú ẹran ni wọ́n fi ń sè é. Nígbà tó yá, wọ́n fi fèi mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí "ẹ̀dọ̀fóró", nítorí ohùn wọn dọ́gba. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹ̀dọ̀fóró nínú àwo náà rárá.

Adìyẹ aláìmọ̀kan yẹn ní tirẹ̀, tóngzǐjī ni. Tóngzǐ ni ọmọdé, ó sì tún lè jẹ́ ọmọkùnrin tí kò tíì mọ obìnrin. Jī ni adìyẹ. Adìyẹ tí kò tíì gbó ni wọ́n ń sọ, èyí tí ẹran rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ tún wo mápó dòufu, oúnjẹ Chengdu mìíràn tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà àti ata sè. Àpá ilẹ̀gbóná tó wà lójú ìyá àgbà tó ń tà á ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru, ojú ìyá oníyàá ni a ń fi oúnjẹ lọ àlejò.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ bá mi túmọ̀ "mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje" sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti rí ẹni tó kọ "moin-moin with seven lives". Àlejò yóò rò pé bí òun bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì ku ìgbà mẹ́fà kí ó tó kú. Àwa mọ̀ pé ẹyin, ẹja, edé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni ẹ̀mí tí à ń wí, a kì í sì í kà wọ́n bóyá wọ́n pé méje. Àwọn ará Ṣáínà ní oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní sìxǐ wánzi, bọ́ọ̀lù ẹran mẹ́rin tó dúró fún ayọ̀ mẹ́rin. Mẹ́nù wọn pè é ní "Four glad meatballs". Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ẹlẹ́mìí méje.

Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ oúnjẹ kì í sọ ohun tó wà nínú ìkòkò nìkan. Ó ń sọ ẹni tó sè é, ibi tó ti wá, àti àdúrà tí wọ́n ṣe lé e lórí. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìtàn yóò ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ẹ̀rín ni yóò dé. Bí a bá sì fi àpèjúwe rọ́pò rẹ̀, adùn ibẹ̀ yóò lọ. Lórí mẹ́nù tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìkọ́kọrẹ́ àti àsáró lè di "yam porridge" méjèèjì. Ẹ lọ sọ fún Ìjẹ̀bú pé ohun kan náà ni ewùrà tí wọ́n rin àti iṣu tí wọ́n gé lébẹlébẹ, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà, àwọn ará Ṣáínà sì ti gbà á. Ṣáájú Òlíńpíìkì 2008, ìjọba Beijing ṣe àkójọ orúkọ oúnjẹ tó ju 2,000 lọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2012, wọ́n tẹ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ jáde ní ìwé. Adìyẹ wa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, ó di "spring chicken". Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan, wọ́n fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ́: mapo tofu ń jẹ́ mapo tofu, jiaozi ń jẹ́ jiaozi. Àlejò ni yóò kọ́ ọ. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí wa láìjẹ́ pé a jókòó ṣèpàdé lé e. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba "buka" wọlé pẹ̀lú "danfo" àti "tokunbo". Lẹ́yìn náà, "eba" náà wọlé. Kò sí ẹni tó túmọ̀ wọn. Wọ́n fi orúkọ wọn wọlé.

Kò sẹ́ni nínú ọ́fíìsì

Àwọn àṣìṣe kan wà tí kò kan èdè rárá. Ilé oúnjẹ kan wà ní Ṣáínà tí àwòrán pátákó ńlá rẹ̀ kárí ayé. Lókè, wọ́n kọ "ilé oúnjẹ" ní èdè Ṣáínà. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà gàgàrà, wọ́n kọ "Translate server error". Ó hàn gbangba pé wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà kí ó túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ fèsì pé òun kò rí iṣẹ́ ṣe, wọ́n sì mú èsì yẹn lọ fún ẹni tó ń ṣe pátákó.

Ẹ má rò pé Ṣáínà nìkan ni. Ní 2008, ní Swansea ní ilẹ̀ Wales, àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ kọ pátákó ojú títì ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Welsh pé kí ọkọ̀ akẹ́rù má gba ibẹ̀. Wọ́n fi í-meèlì ránṣẹ́ sí atúmọ̀ wọn. Èsì dé lójú ẹsẹ̀ ní èdè Welsh, wọ́n sì kọ ọ́ sórí pátákó, wọ́n gbé e sójú títì. Ohun tí Welsh náà ń sọ ni pé: "Mi ò sí ní ọ́fíìsì lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kí a túmọ̀ ránṣẹ́." Èsì tí kọ̀ǹpútà ń fún ara rẹ̀ fọhùn ni.

Nínú ọ̀ràn méjèèjì, kì í ṣe gírámà ló ṣubú. Ẹni tó béèrè kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi dá a lóhùn, ẹni tó kùn ún kò gbọ́ ọ, ẹni tó gbé e dúró kò gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè méjèèjì ì bá ti gba gbogbo wọn là, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ta ló ń fi ta rẹ́rìn-ín?

Ó yẹ ká rántí pé ìwà ọmọlúàbí ló bí pátákó tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará Ṣáínà ló ń gbìyànjú kí àlejò tí kò gbọ́ èdè wọn má bàa ṣubú nílé wọn. Bí a bá yí i padà ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, olórin Amẹ́ríkà nì, Ariana Grande, fín orúkọ orin rẹ̀, "7 Rings", sí ọwọ́ ní àmì ìkọ̀wé Japan. Ohun tó jáde sí ara rẹ̀ ni orúkọ ààrò eléèédú kékeré tí wọ́n fi ń yan ẹran. Ẹ̀rín kò mọ èdè kan lójú.

Oliver Lutz Radtke, ọmọ Jámánì tó kó àwọn pátákó wọ̀nyí jọ sínú ìwé tó pè ní Chinglish ní 2007, gbà pé kò yẹ kí wọ́n pa gbogbo wọn rẹ́, torí pé bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ronú hàn nínú wọn. Ìjọba Ṣáínà ní tirẹ̀ kò fẹ́ ẹ̀sín mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìlànà gbogboogbò fún Gẹ̀ẹ́sì ojú pátákó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, láti ilé ìwòsàn títí dé ibùdókọ̀.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ ká ya ẹ̀rín sọ́tọ̀ kúrò lára ewu. Bí ẹnì kan bá pàṣẹ ẹ̀dọ̀fóró tọkọtaya, ohun tó burú jù ni pé yóò jẹ ẹran màlúù tó dùn. Ṣùgbọ́n bí ìkìlọ̀ orí ẹ̀rọ, ti oògùn tàbí ti iná mànàmáná bá kọ ìkọkúkọ, ẹ̀mí lè lọ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí wa. Ní Ìgbẹsà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ni ọgbà òwò Ogun-Guangdong wà, tí àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà kún inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ṣáínà ló ṣe ọ̀nà ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó gba Abẹ́òkúta kọjá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Níbi tí ọ̀gá ti ń sọ èdè Ṣáínà, tí pátákó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, tí òṣìṣẹ́ sì ń ronú ní Yorùbá, odò méjì ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ní láti là kọjá kó tó dé etí ẹni tí iná lè gbé.

Tiwa ńkọ́?

Ẹ wo pátákó kan tí kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí i: "E MA TO SIBI". Gbogbo wa mọ ohun tí onílé ń wí: ẹ má tọ̀ síbí. Ẹ wá kà á bí ẹni tí kò mọ ògiri náà, tí òórùn ibẹ̀ kò sì tíì kàn lára. "Ẹ máa tọ̀ síbí" náà ni. Ohun tí onílé kọ̀ jálẹ̀ ti di ohun tó ń bẹ̀ wá ṣe. Ó tún lè jẹ́ "Ẹ máa tò síbí", bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pín ìrẹsì. Àmì ohùn díẹ̀ ló wà láàárín èèwọ̀ àti àṣẹ. Kò sí pátákó Ṣáínà kan nínú àwọn tí mo kà sókè tó yí padà pátápátá báyìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n gbé ọ̀nà tuntun jáde, tí ẹ̀rọ fi ń wo odindi gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ èdè láti inú ohun tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ti kọ ní èdè Ṣáínà kò lóǹkà. Tiwa kéré, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì ní àmì. Ohun tí a bá fún un jẹ ni yóò pọ̀. Bó bá ka "oko" títí tí kò rí ìyàtọ̀ láàárín méje, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ.

Àwọn àṣìṣe kan sì wà tí a kò lè fi rẹ́rìn-ín. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, Èṣù ni wọ́n fi túmọ̀ orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run. Àwọn onísẹ̀ṣe ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. Ohun yòówù tí a bá gbà gbọ́, ẹ wo agbára tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní: ó ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè, ó ti wọ ẹnu ọmọdé, ó sì wọ inú ẹ̀rọ. Pátákó kọ́ ni, kò sí ẹni tó lè ránṣẹ́ pe káfíńtà pé kó wá tú u.

Àbúrò bàbá mi kan bi mí nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta pé: "Fóònù ti ń túmọ̀ èdè báyìí. Kí lẹ ṣì ń kọ́ níbẹ̀?" Kì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè, ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ti gbọ́ ọ jù mí lọ. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára àwọn pátákó wọ̀nyí. Àwọn tó kọ "Translate server error" ní kọ̀ǹpútà. Ẹni tó lè wò ó kó sọ pé "ẹ dúró ná" ni wọn kò ní. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ nìyẹn.

Bí oníbúkà, oníṣọ́ọ̀bù tàbí alága àdúgbò bá wá bá yín pé kí ẹ bá òun kọ pátákó tàbí mẹ́nù, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe. Èkíní, ẹ fi àmì sí i. Bí àyè kò bá tilẹ̀ gba gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe fi "má" àti "máa" sílẹ̀ láìsí ìyàtọ̀. Èkejì, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ máa jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ kọ "ìkọ́kọrẹ́" gàdàgbà, kí ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì kékeré ṣàlàyé ewùrà sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ mú ohun tí ẹ túmọ̀ fún ẹni tí kò rí èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ ní kó sọ ọ́ padà ní Yorùbá. Bó bá sọ fún yín pé ilẹ̀ ń dunnú, ẹ ó mọ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ.

Lọ́la, bí ẹ bá ń jáde nílé, ẹ wo pátákó Yorùbá àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé. Ẹ kà á bí àlejò, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ wo iye ohun tó lè máa sọ.